Ẹ̀rọ tí mo fi ń yẹ ọtí wò lára àwọn dẹ́rẹ́bà mi

Ẹnikẹ́ni tó bá ní ọkọ̀ èrò, tó sì ń gbé kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ lé dẹ́rẹ́bà lọ́wọ́, mo rọ̀ ọ́ kó ra breathalyser, ẹ̀rọ tí wọ́n ń fẹ́ èémí sí láti mọ̀ bóyá èèyàn ti mu ọtí. Ṣùgbọ́n èyí tó ní fuel cell nínú, ìyẹn sẹ́nsọ̀ tó ń sọ ọtí inú èémí di iná mànàmáná, ni kó rà, kó sì ti mọ ẹni tí yóò máa bá a yẹ ẹ̀rọ náà wò lọ́dọọdún kó tó sanwó. Ọ̀rọ̀ ìkẹyìn yìí ni àwọn tó ń tà á kì í sọ fúnni, òun ló sì jẹ́ kí n jókòó kọ èyí.

Bọ́ọ̀sì ni mo fi ń ṣòwò. Ìbàdàn sí Èkó, Ìbàdàn sí Ìlọrin. Ọkọ mi ló dá a sílẹ̀, èmi ni mo sì ń darí rẹ̀ látìgbà tó ti jáde láyé. Mùsùlùmí ni mí, ọtí kò kan ẹnu mi rí, ṣùgbọ́n kò sí èyí tí wọ́n ń tà ní gáréèjì tí n kò mọ orúkọ rẹ̀, torí pé ẹ̀mí àwọn èrò tó san owó fún mi wà lọ́wọ́ ẹni tó ń mu ún.

Kí ẹ̀rọ yìí tó dé, imú ni mo fi ń ṣe é. Ní ìdájí, màá súnmọ́ dẹ́rẹ́bà, màá kí i, màá wo ojú rẹ̀ bóyá ó pọ́n, màá máa fetí sí bó ṣe ń sọ̀rọ̀. Ohun tó le jù níbẹ̀ ni pé àwọn kan nínú wọn jù mí lọ lọ́jọ́ orí dáadáa. Báwo ni mo ṣe fẹ́ máa gbóòórùn ẹnu bàbá tó ti ní ọmọ-ọmọ? Ìwọ̀sí ni. Ẹni tó bá sì gbọ́n nínú wọn á ti jẹ orógbó, á ti fi súìtì mẹ́ńtọ́ọ̀lù sẹ́nu, imú mi ò ní mú nǹkan kan. Bí mo bá wá ní kí ẹnì kan sinmi lọ́jọ́ náà, ìjà dé nìyẹn. Á ní wọ́n ti wá sọ̀rọ̀ òun lẹ́yìn fún mi, á ní mo fẹ́ gbé ọkọ̀ òun fún ẹlòmíràn, kó tó di ọ̀sán àwọn àgbà gáréèjì á ti wá bẹ̀ mí.

Ẹ̀rọ náà ti gba ìjà yẹn kúrò lọ́wọ́ mi. Gbogbo wọn ló ń fẹ́ ẹ, láti orí ẹni tó dàgbà jù dé orí ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba láísẹ́ǹsì. Èmi ni mo sì máa ń kọ́kọ́ fẹ́ ẹ lójú gbogbo wọn, kí wọ́n rí i pé òdo ló gbé jáde kó tó kàn wọ́n. Kò sẹ́ni tó lè sọ pé mo dájú sọ òun.

Ó wọ inú àtẹ́lẹwọ́. Ẹ ó ki ike kékeré kan bọ̀ ọ́ lórí, ẹnì kan ike kan, kò sí àpínlò. Ẹ ó tẹ bọ́tìnnì, ẹ ó dúró díẹ̀ kó múra tán. Dẹ́rẹ́bà á mí sínú dáadáa, á fi ètè bo ike náà, á wá fẹ́ ẹ láìdánudúró fún bí ìṣẹ́jú-àáyá márùn-ún. Bó ṣe ń fẹ́ ẹ ni ẹ̀rọ á máa dún. Níparí rẹ̀ ẹ ó gbọ́ ohùn kékeré kan nínú ikùn rẹ̀, kẹ́! Páǹpù inú rẹ̀ ló fa ìwọ̀n atẹ́gùn tó nílò yẹn. Lẹ́yìn náà ni nọ́ńbà á jáde.

Àwọn kan máa ń wú ẹ̀rẹ̀kẹ́, kí ó lè jẹ́ atẹ́gùn ẹnu nìkan ni wọn yóò fẹ́ sí i. Kò gbà fún wọn. Á kọ ọ́ sójú pé fífẹ́ náà kò pé, a ó sì tún un ṣe. Atẹ́gùn ìsàlẹ̀ ẹ̀dọ̀fóró ló ń wá, torí ibẹ̀ ni ẹ̀jẹ̀ àti atẹ́gùn ti ń pàdé, ibẹ̀ ni ọtí inú ẹ̀jẹ̀ sì ti ń gba inú èémí jáde. Ìṣirò tí wọ́n gbé ẹ̀rọ náà lé ni pé ọtí tó wà nínú mílílítà ẹ̀jẹ̀ kan ṣoṣo tó èyí tó wà nínú 2,100 mílílítà èémí. Bí wọ́n ṣe ń mọ ohun tó wà nínú ẹ̀jẹ̀ èèyàn láìgún un lábẹ́rẹ́ nìyẹn. Robert Borkenstein, tó ń bá àwọn ọlọ́pàá ìpínlẹ̀ Indiana ní Amẹ́ríkà ṣiṣẹ́, ló ṣe èyí tó gba orúkọ Breathalyzer ní 1954. Ẹ̀rọ ńlá tí wọ́n ń gbé sórí tábìlì ni, kẹ́míkà tó ń yí àwọ̀ padà ló sì ń lò. Àwọn tó jẹ́ kó di ohun ìmúlọ́wọ́ ni Tom Parry Jones, ọmọ Wales, àti ilé-iṣẹ́ Lion Laboratories tó wà lára àwọn tó dá a sílẹ̀ ní Cardiff, láàárín àwọn ọdún 1970.

Nínú fuel cell, platinum ni wọ́n fi bo ojú ibi tí èémí ń kàn. Bí ọtí bá dé ibẹ̀, á yí padà, iná mànàmáná díẹ̀ á sì ti ara rẹ̀ jáde. Bí ọtí náà bá ṣe pọ̀ tó ni iná ṣe máa pọ̀ tó, iná yẹn ni ẹ̀rọ ń kà. Èyí tí wọ́n ń tà lówó pọ́ọ́kú lórí íntánẹ́ẹ̀tì kò rí bẹ́ẹ̀. Semiconductor, oríṣi sẹ́nsọ̀ mìíràn, ló wà nínú rẹ̀. Òótọ́ ni pé ó ń mọ ọtí, ṣùgbọ́n ó tún ń dáhùn sí èéfín sìgá, ó sì ń dáhùn sí acetone, kẹ́míkà kan tí ara èèyàn fúnra rẹ̀ lè ṣe.

Acetone yìí ló kó ìtìjú bá dẹ́rẹ́bà mi kan. Ó ní àtọ̀gbẹ, kò sì mọ bí ẹnu ìgò ọtí ṣe rí. Nínú ààwẹ̀ Ràmàdáànù, a gbé èyí olówó pọ́ọ́kú fún un, ló bá gbé nọ́ńbà jáde lójú gbogbo èèyàn. Ọkùnrin náà kò lè sọ̀rọ̀. Bẹ́ẹ̀ ara ẹni tí kò jẹun, pàápàá alátọ̀gbẹ, máa ń ṣe acetone tó ń bá èémí jáde. A gbé fuel cell fún un lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀: òdo. Mo sọ fún un lójú gbogbo wọn pé ẹ̀rọ ló purọ́, mo sì ní kó lọ rí dókítà rẹ̀ kó tó tún gba ààwẹ̀ míì, torí acetone tó pọ̀ lẹ́nu alátọ̀gbẹ kì í ṣe ọ̀rọ̀ àfojúfò. Ẹ̀rọ olówó pọ́ọ́kú yẹn kò sí nílé mi mọ́. Ẹ má rà á nítorí pé ó rọjú. Fuel cell tèmi tó owó táyà bọ́ọ̀sì tuntun méjì, n kò sì kábàámọ̀ rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ lórí paraga, torí ibẹ̀ ni ẹ̀rọ yìí ti wúlò fún mi jù. Ẹni tó bá mọ gáréèjì mọ àwọn tó ń tà á. Ilẹ̀ kì í tíì mọ́ tí wọ́n á ti to ìgò kalẹ̀: ti jẹ̀dí, ti ọ̀pá ẹ̀yìn, ti àlẹ̀. Gbòǹgbò àti èèpo igi ni, inú ògógóró sì ni wọ́n sábà máa ń rẹ ẹ́ sí. Dẹ́rẹ́bà tí kò jẹ́ fọwọ́ kan bíà láàárọ̀ á mu ife kan, á tún mu ìkejì, nítorí ẹ̀yìn tó ń dùn ún láti orí ìjókòó ọkọ̀. Lọ́kàn tirẹ̀, oògùn ló lò.

Bàbá kan wà lára wọn tó ti ń wakọ̀ kí n tó wọlé ọkọ. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni, kì í sáré, n kò rí i kó jà rí. Ó fẹ́ ẹ̀rọ náà láàárọ̀ ọjọ́ kan, 0.04 ló kọ, ìyẹn gíráàmù ọtí nínú 100 mílílítà ẹ̀jẹ̀.

Ó ní, "Ìyá Ràṣídì, ẹ̀rọ yín ti bàjẹ́. N kò mu ọtí."

Mo ní, "Ẹ má bínú, Bàbá. Kí lẹ mu láàárọ̀ yìí?"

"Àgbo jẹ̀dí ni mo mu. Àgbo kì í ṣe ọtí."

Mo ní kí wọ́n jókòó, kí wọ́n má jẹ nǹkan kan, kí wọ́n má mu nǹkan kan fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ìdí tí a fi ń ṣe bẹ́ẹ̀ ni pé ọtí tó ṣẹ́kù sẹ́nu lè jẹ́ kí nọ́ńbà lọ sókè ju ohun tó wà nínú ẹ̀jẹ̀ lọ. Oògùn ìfọnu lásán tó bá ní ọtí nínú máa ń ṣe bẹ́ẹ̀. Tó bá jẹ́ ti ẹnu nìkan ni, láàárín ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún á ti lọ. Wọ́n tún un fẹ́, 0.04 náà ló ṣì kọ. A jọ rìn lọ sọ́dọ̀ obìnrin tó tà á, mo bi í pé kí ló fi rẹ jẹ̀dí rẹ̀. Ó wò mí bí ẹni tó béèrè ohun tí gbogbo ayé mọ̀, ó ní ògógóró ni, ṣé omi ló fẹ́ yọ agbára ara gbòǹgbò ni? Bàbá dákẹ́. Wọn kò bá mi jà. Látìgbà náà, èyí tí wọ́n fi omi sè ni wọ́n ń rà, ẹ̀rọ kò sì tíì bá wọn ní gbólóhùn asọ̀ mọ́.

NAFDAC ti ń bá ọtí inú ọ̀rá jà ọjọ́ ti pẹ́. Ní Oṣù Kejì 2024 wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọwọ́ líle mú òfin tó ní kí àwọn ilé-iṣẹ́ má ṣe é mọ́, wọ́n tún wá fún àwọn ilé-iṣẹ́ láyè sí i lẹ́yìn náà. Ọtí inú ọ̀rá ṣì ní ilé-iṣẹ́ tí èèyàn lè tì, ìwọ̀n ọtí inú rẹ̀ sì wà lára ọ̀rá náà. Paraga kò ní. Ọwọ́ ẹni tó rẹ ẹ́ ló mọ bó ṣe le tó, ọwọ́ yẹn sì lè yàtọ̀ láti ọjọ́ kan sí èkejì. Ara ẹni tó mu ún nìkan la ti lè wọ̀n ọ́n.

Ọjọ́ tí nọ́ńbà máa ń pọ̀ jù lọ́dọ̀ mi ni ìdájí ọjọ́ Àìkú, lẹ́yìn òwàḿbẹ̀ ọjọ́ Sátidé. Dẹ́rẹ́bà á ní òun ti sùn, òun ti wẹ̀, òun ti mu kọfí. Ẹ̀dọ̀ ló ń fọ ọtí kúrò nínú ẹ̀jẹ̀, kò sì sí omi tútù tàbí kọfí tó lè ní kó yára. Ní ìpíndọ́gba, bíi 0.015 ló ń mú kúrò láàárín wákàtí kan. Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀: ẹni tí tirẹ̀ jẹ́ 0.12 nígbà tó kúrò ní pátì ní aago kan òru, tó bá di aago márùn-ún ìdájí, 0.06 ló kù lára rẹ̀. Òfin Nàìjíríà fi òpin sí 0.05. Ó ti sùn lóòótọ́, ó ti wẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò tíì yẹ kó wakọ̀. Kí n tó ní ẹ̀rọ yìí, irú ẹni bẹ́ẹ̀ á kọjá níwájú mi, torí ojú rẹ̀ á mọ́, kò sì ní ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́.

Òpin tèmi kì í ṣe 0.05 o. Òdo ni. Ẹni tó bá ju òdo lọ á jókòó lọ́jọ́ náà, ẹlòmíràn á wa ọkọ̀ rẹ̀, n kò sì ní lé e níṣẹ́. Tí èèyàn bá ń lé wọn, irọ́ ni wọ́n á máa pa, wọ́n á máa wá ọgbọ́n tí wọ́n fi máa sá fún ẹ̀rọ.

Ẹ ṣọ́ra fún òǹkà tó wà lójú rẹ̀ tí ẹ bá ń rà á láti òkè òkun. Ẹ̀rọ kan náà lè ka nǹkan kan náà lónírúurú ọ̀nà. 0.05 tiwa yìí jẹ́ gíráàmù ọtí nínú 100 mílílítà ẹ̀jẹ̀. Tí wọ́n bá ti yí i sí gíráàmù nínú lítà ẹ̀jẹ̀, 0.5 ni yóò kọ. Tó bá jẹ́ mílígíráàmù nínú lítà èémí, bíi 0.24 ni. Àwọn èèyàn wa tó ń wakọ̀ ní London mọ 35 gẹ́gẹ́ bí òpin tiwọn, ìyẹn máíkírógíráàmù nínú 100 mílílítà èémí. Ní Scotland ó ti di 22 láti Oṣù Kejìlá 2014. Ẹ wo ohun tí wọ́n kọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ nọ́ńbà kí ẹ tó dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi tàbí láre.

Ó wá ku ibi tó ń dùn mí. Fuel cell kì í dúró sójú kan. Láàárín oṣù mẹ́fà sí ọdún kan, ó yẹ kí wọ́n fi gáàsì tí wọ́n mọ iye ọtí inú rẹ̀ dán an wò, kí wọ́n sì tún nọ́ńbà rẹ̀ gbé sójú òṣùwọ̀n. Ẹni tó ta tèmi fún mi ṣèlérí pé òun ní gáàsì náà ní ṣọ́ọ̀bù. Nígbà tí àkókò tó, ó gba ẹ̀rọ, ó gba owó, ó dá a padà pẹ̀lú sítíkà tuntun lára rẹ̀. Mo délé, mo fẹ́ ẹ, 0.02. Èmi tí n kò tọ́ ọtí wò láyé mi. Mo padà lọ bá a, mo ní kó fi gáàsì tó fi dán an wò hàn mí. Kò rí nǹkan kan fi hàn mí. Sítíkà lásán ló lẹ̀ mọ́ ọn.

Inú mi ru gidigidi, kì í sì í ṣe nítorí owó. Ẹ̀rọ tó ń ka nǹkan kún á sọ aláìmọwọ́mẹsẹ̀ di ọ̀mùtí lójú ẹgbẹ́ rẹ̀. Èyí tó ń ka nǹkan dín á gbé ọ̀mùtí lé orí ọkọ̀ tó kún fún èrò, èmi á sì ti fi ọwọ́ ara mi ní kó máa lọ. Ẹni tó lẹ sítíkà yẹn kò ronú kan àwọn tó jókòó lẹ́yìn dẹ́rẹ́bà.

Ohun tó tán ìṣòro náà fún mi ni ẹ̀rọ oríṣi mìíràn, èyí tí sẹ́nsọ̀ rẹ̀ ṣeé yọ. Bí àkókò bá tó, wọ́n á fi sẹ́nsọ̀ tuntun tí wọ́n ti yẹ̀ wò nílé-iṣẹ́ ránṣẹ́ sí mi, màá yọ ti àtijọ́, màá ki tuntun bọ̀ ọ́. Kò sí alágbàtà láàárín. Ó wọ́n ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n ní ìlú tí èèyàn kò ti rí ibi gbé e lọ, òun ni mo lè fọwọ́ sọ̀yà fún. Yàtọ̀ sí ìyẹn, ẹ má fi í sílẹ̀ nínú ọkọ̀ lọ́sàn-án, oòrùn á bà á jẹ́. Ẹ ra ike ẹnu rẹ̀ lọ́pọ̀. Bátìrì rẹ̀ kò fún mi ní wàhálà kankan.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tó wà ní Amẹ́ríkà bi mí pé kí ló dé tí n kò ra èyí tí wọ́n ń so mọ́ ara. Irú rẹ̀ wà lóòótọ́. Ọtí díẹ̀, bí ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún, máa ń gba awọ ara jáde pẹ̀lú òógùn. SCRAM tí àwọn ilé-ẹjọ́ Amẹ́ríkà ń ní kí wọ́n so mọ́ ọrùn ẹsẹ̀ àwọn kan ń yẹ òógùn wò ní ọgbọọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Ní 2016, ilé-iṣẹ́ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń ṣèwádìí lórí ọtí, NIAAA, fún ilé-iṣẹ́ BACtrack ní ẹ̀bùn 200,000 dọ́là fún Skyn, ẹ̀rọ tirẹ̀ tí wọ́n ń wọ̀ sọ́rùn ọwọ́. Iṣẹ́ tó dára ni fún ẹni tó ń gbìyànjú láti jáwọ́ nínú ọtí, tàbí fún dókítà tó ń tọ́jú rẹ̀. Kò bá iṣẹ́ tèmi mu. Òógùn máa ń kẹ́yìn ẹ̀jẹ̀, ó lè tó wákàtí kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kó tó fi hàn. Dẹ́rẹ́bà tó mu paraga kó tó gbéra ní Ìbàdàn á ti dé Ṣàgámù kí ọrùn ọwọ́ rẹ̀ tó sọ̀rọ̀. Yàtọ̀ sí ìyẹn, n kò lè so nǹkan mọ́ ẹsẹ̀ bàbá àgbàlagbà bí ẹlẹ́wọ̀n.

Èyí tí mo ń retí ni ti ìka. Láti 2008 ni àjọ ààbò ojú pópó Amẹ́ríkà, NHTSA, àti àwọn tó ń ṣe mọ́tò ti jọ ń ṣe iṣẹ́ kan tí wọ́n ń pè ní DADSS. Ọ̀nà méjì ni wọ́n ń tọ̀. Ọ̀kan ń ka èémí dẹ́rẹ́bà láìsí ike, bó ṣe jókòó tó ń mí. Èkejì á wà lára bọ́tìnnì tí wọ́n fi ń tan ọkọ̀: bí dẹ́rẹ́bà bá ti fi ìka tẹ̀ ẹ́, iná infrared, irú ìmọ́lẹ̀ tí ojú kò lè rí, á wọ inú awọ ìka náà, á sì mọ iye ọtí tó wà nínú ẹ̀jẹ̀ ibẹ̀. Ilé-iṣẹ́ akérò kan ní Virginia, James River Transportation, ti gbé ti èémí sínú ọkọ̀ rẹ̀ láti fi dán an wò. Òfin tí wọ́n ṣe ní Amẹ́ríkà ní 2021 sì ní kí NHTSA gbé ìlànà kalẹ̀ kí irú nǹkan báyìí lè wà nínú ọkọ̀ tuntun.

Mo ní ìbéèrè méjì fún wọn. Ìka ta ni? Ní gáréèjì tiwa, kọ̀ńdọ́ lè tẹ bọ́tìnnì fún ọ̀gá rẹ̀ kí ojú tó ṣẹ́. Kí wọ́n ṣe é kó mọ̀ pé ẹni tó jókòó sídìí ọkọ̀ ló tẹ̀ ẹ́. Èkejì ni ti awọ ara. Ẹ̀rọ tí wọ́n ń fi há ìka ní ilé ìwòsàn láti mọ bí afẹ́fẹ́ ọ́síjìn ṣe pọ̀ tó nínú ẹ̀jẹ̀, iná ni òun náà fi ń ṣiṣẹ́. Ìwádìí kan tó jáde ní Amẹ́ríkà ní 2020 fi hàn pé ohun tó ń fo ẹ̀rọ náà lójú lára aláìsàn tó jẹ́ aláwọ̀ dúdú fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po mẹ́ta ti aláwọ̀ funfun. Ọdún pípẹ́ ni wọ́n ti ń lò ó lára wa kí ọ̀rọ̀ náà tó di ohun tí gbogbo ayé ń sọ. N kò fẹ́ kí irú rẹ̀ tún ṣẹlẹ̀ nínú mọ́tò. Kí wọ́n tó ní ẹ̀rọ ìka yìí ti pé, kí wọ́n fi ìka àwọn dẹ́rẹ́bà Ìwó Road dán an wò, àtèyí tó dúdú, àtèyí tó le nítorí iṣẹ́, àtèyí tí epo ẹ́ńjìnnì ti wọ inú rẹ̀. Tí wọ́n bá ń wá ibi tí wọ́n ti máa ṣe é, àgbàlá mi wà fún wọn, aago mẹ́rin ààbọ̀ ìdájí la ń bẹ̀rẹ̀.